Bí ẹ ṣe lè jókòó ṣe ìpinnu lórí ìyè àìnípẹ̀kun, láìjẹ́ pé kúrúséèdì ló tì yín síwájú

Ìgbà márùn-ún ni mo ti jáde síwájú pẹpẹ. Ẹ̀ẹ̀kan nílé ìwé girama, nígbà tí oníwàásù kan ṣàpèjúwe iná ọ̀run àpáàdì débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn irun tó ń jóná. Ẹ̀ẹ̀kan ní kúrúséèdì, torí pé ọmọbìnrin tí mò ń wò látàárọ̀ ló dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì torí pé pásítọ̀ ní ó ku ẹnì kan, òun ò sì ní parí ìsìn tí ẹni náà ò bá jáde, ebi ti ń pa gbogbo wa, àwọn ọmọdé ti ń sunkún, mo ṣáà jáde káwọn èèyàn lè lọ jẹun. Ìkarùn-ún, mi ò tiẹ̀ rántí ìdí ẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ẹ̀, kò sí èyí tó pẹ́ kọjá Wẹ́sìdeè.

Nítorí náà ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún kẹ́ ẹ tó hu eyín, tẹ́ ẹ mọ orin láì ṣíwèé, àmọ́ tẹ́ ẹ ò tíì jókòó bi ara yín pé "ṣé mo tiẹ̀ fẹ́ nǹkan yìí?", ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ kó yá ná". Mi ò kí ń ṣe pásítọ̀ o. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n máa ń pè wá fa wáyà sílé. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo rí nínú Bíbélì lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé kò sí àárín

Bàbá wa fi púlọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ lẹ́yìn Ìbàdàn. Àwa mẹ́rin la jẹ́. Bùọ̀dá wa àgbà ní ká tà á, àǹtí wa ní ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, èmi àti àbúrò mi ní ẹ jẹ́ ká ṣì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, ká má tíì pinnu. Ó dùn létí, gbogbo wa gbà. Ọdún kẹfà ni iṣẹ́ gbé mi gba ibẹ̀ kọjá, mo rí fáǹdéṣọ̀n tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé dé orókùn, ẹnì kan sì ti gbin ewúro sí igun ibi tí bàbá wa máa ń gbé àga sí, ewúro náà ti ga jù mí lọ, ìyẹn ni pé kì í ṣe àná ni wọ́n débẹ̀. Nígbà tá a lọ bá ọmọ onílẹ̀ tó tún un tà, kò tiẹ̀ pariwo, ó kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín, kí lẹ fi ṣe látọdún mẹ́fà?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ wo Pílátù. Ó bu omi, ó ṣanwọ́ níwájú èrò, ó ní òun mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí, kí wọ́n lọ bójú tó o fúnra wọn (Mátíù 27:24). Títí dòní, ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, láti Abẹ́òkúta dé Róòmù, wọ́n á dárúkọ ẹ̀. Pétérù ò sí nínú ẹ̀, Pọ́ọ̀lù ò sí nínú ẹ̀. Yàtọ̀ sí Jésù fúnra ẹ̀, èèyàn méjì péré ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, Màríà tó ní "kó rí fún mi bẹ́ẹ̀", àti Pílátù tó ní òun ò dá sí i.

Ti Fẹ́líksì, gómìnà Róòmù tó ń gbẹ́jọ́ Pọ́ọ̀lù, tiẹ̀ jọ tèmi jù. Nínú Ìṣe 24, Pọ́ọ̀lù ń bá a sọ̀rọ̀ òdodo àti ìdájọ́ tó ń bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó ní kó máa lọ ná, tí òun bá ráyè òun á ránṣẹ́ pè é. Ó sì ránṣẹ́ lóòótọ́! Ó ń pè é lemọ́lemọ́, rìbá ló ń retí, ọdún méjì kọjá, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, ó fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú túbú, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó sọ pé rárá.

Blaise Pascal, oníṣirò ará Faransé tó kú ní 1662, fi tẹ́tẹ́ ṣàpèjúwe ẹ̀, ó ní ẹ ò lè sọ pé ẹ ò ta, ẹ ti wà nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa fi Ọlọ́run ta tẹ́tẹ́ bíi Baba Ìjẹ̀bú, àmọ́ ti pé a ti wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo gbà.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé yíyàn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dáyé tán ojú ń kán wa, pé nílé Àjàlá lóníkálùkù ti mú orí tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí ohun tó mú. Ibi tí ẹ̀kọ́ Kristẹni ti yà kúrò níbẹ̀ ni pé ó ní ayé ńbí la ti ń yàn, lójú wa, tá a ṣì lè béèrè ọ̀rọ̀ ká tó mú un. Mo mọ díákónì kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá bá a wí lórí ìbínú ẹ̀, "bí orí mi ṣe rí nìyẹn" ló máa dáhùn. Kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, jàre.

Ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yàn

Ọ̀pọ̀ wa, "àìnípẹ̀kun" nìkan la gbọ́, a ò gbọ́ "ìyè". A rò pé gígùn ni wọ́n fẹ́ fún wa. Tó bá jẹ́ gígùn nìkan ni, ẹ jẹ́ n sòótọ́, mi ò fẹ́, ẹ wo ìṣọ́ òru tí ilẹ̀ ò ní mọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí olùkọ́ wa ní Sunday school sọ pé orin la ó máa kọ lọ́run títí láé, mo sunkún délé, torí mo mọ bóhùn mi ṣe rí.

Jésù fúnra ẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ nínú Jòhánù 17:3, kò sì dárúkọ ọdún kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní ìyè àìnípẹ̀kun ni pé kí wọ́n mọ Ọlọ́run òtítọ́ kan ṣoṣo náà àti Jésù Kristi tó rán. Kí wọ́n mọ̀ ọ́ o, bí ìyá mi ṣe mọ bàbá wa, tó jẹ́ pé tó bá ti ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ ti sọ fún wọn bóyá ó ríṣẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí kò rí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n tú sí àìnípẹ̀kun, aiōnios, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe sànmánì ló ti jáde, ìyè ti sànmánì tó ń bọ̀. Jòhánù sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹni tó gbọ́ tó sì gbàgbọ́ *ti* ré ikú kọjá sínú ìyè (5:24). Ti ni, kì í ṣe yóò. Ẹni tó ní "tí mo bá dàgbà" rò pé gírátúítì ni wọ́n fẹ́ san fóun, bẹ́ẹ̀ owó oṣù ni, oṣù sì ń lọ.

Ohun kan tún wà tí wọn ò kí ń sọ fún wa dáadáa, kì í ṣe pé ẹ̀mí á máa fò kiri lókè. Àjíǹde ara ni ìjọ ń jẹ́wọ́, gbogbo 1 Kọ́ríńtì 15 ló dá lé e, Ìfihàn 21 sì ní ìlú náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ èèyàn. "Ayé lọjà, ọ̀run nilé" dùn gan-an, tiwa ni, kò sí nínú Bíbélì, mo sì ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú àìmọye ìgbà tí wọ́n ń pè é ní ẹsẹ ìwé mímọ́.

Ẹ ṣírò ohun tó máa ná yín

Ibí yìí ni kúrúséèdì kì í jẹ́ kéèyàn dúró sí, torí píánò ti ń lọ lábẹ́, pásítọ̀ ti ń ka ẹní, èjì. Àmọ́ Jésù ló ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò ẹ̀ wò bóyá owó òun á ká a (Lúùkù 14:28). Ẹsẹ Jóṣúà tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, "ẹ yan ẹni tí ẹ̀yin ó máa sìn lónìí", gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Èyí tí ò sí lára ògiri ló wà níwájú díẹ̀, àwọn èèyàn dáhùn pé Olúwa làwọn máa sìn, Jóṣúà wá ní, "Ẹ ò lè sin Olúwa" (24:19). Ẹ̀yin ti rí pásítọ̀ tí èèyàn jáde síwájú ẹ̀ tó ní kó padà lọ ronú sí i rí? Ọkùnrin olówó tó wá béèrè ìyè àìnípẹ̀kun yìí gan-an lọ́wọ́ Jésù nínú Máàkù 10, Jésù wò ó, ó fẹ́ràn ẹ̀, ó sọ iye tó máa ná an. Ọkùnrin náà fajú ro, ó bá tiẹ̀ lọ. Jésù ò sá tẹ̀ lé e pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà ẹ mú bébà. Ẹ kọ àwọn nǹkan tó máa yí padà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má kọ "ẹ̀ṣẹ̀" síbẹ̀ o, ìyẹn ò wúlò, ẹ kọ orúkọ nǹkan náà. Rìsíìtì tẹ́ ẹ máa ń fi kún lọ́fíìsì. Àǹtí yín tẹ́ ẹ ti ń bá yodì látìgbà ìsìnkú mọ́mì. Ẹni tẹ́ ẹ máa ń pè lẹ́yìn aago mọ́kànlá tó kí ń ṣe ìyàwó yín.

Tèmi, ẹ̀yìn bíìlì iná ni mo kọ ọ́ sí, bírò búlúù, nǹkan méje. Mo rò pé ti obìnrin ló máa le jù. Ìkẹfà ló le jù. ₦18,500 ló ṣẹ́ kù nínú owó tí àdúgbò dá fún wáyà tiransífọ́mà, ọwọ́ mi ló wà torí èmi ni oníná wọn, mo ti ná an, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ó gbà mí lóṣù méjì kí n tó kó o jọ. Mo gbé e lọ bá ìyá tó ń tọ́jú owó àdúgbò, nínú ọ̀rá dúdú, ẹ̀wà ni wọ́n ń sè, mo kúnlẹ̀ mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí, wọ́n pa iná gáàsì, wọ́n fà mí jókòó, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni dókítà sọ?"

Wọ́n rò pé mo ti fẹ́ kú ni! Ó pẹ́ kí n tó lè ṣàlàyé fún wọn pé ara mi dá. Wọ́n ka owó yẹn ẹ̀ẹ̀mejì.

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò sọ pé owó yẹn ni mo fi ra nǹkan kan. Róòmù 6:23 pè é ní ẹ̀bùn. Àmọ́ tí mi ò bá kọ ìkẹfà yẹn sílẹ̀, mi ò bá kàn tún jáde síwájú lẹ́ẹ̀kẹfà ni, ká sì tún pàdé ní Wẹ́sìdeè.

Ẹ má kánjú, àmọ́ ẹ dá ọjọ́

Àwọn kan á ní ṣé ìwọ tó ń bú Fẹ́líksì ló tún ń sọ pé ká má kánjú. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń kọ́ nǹkan àti ẹni tó ń sún un síwájú. Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, 1822 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ tí wọ́n gbé e dé Sàró, kò sì ṣèrìbọmi títí di ọjọ́ 11 oṣù Disẹ́ńbà 1825. Ọdún mẹ́ta ó lé, ó ń kàwé, ó ń gbọ́, ó ń bi wọ́n léèrè. Ìyá ẹ̀ ló tún wá yà mí lẹ́nu jù. Oṣù Ògọ́ọ̀sì 1846 ni wọ́n fojú kan ara wọn l'Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ fojú inú wo ìyá tó rí ọmọ tó ti rò pé ó kú, tó sì ti wá di àlùfáà. Tó bá jẹ́ lóde òní ni, ọjọ́ yẹn náà ni wọn ì bá rì í bọmi, kí wọ́n sì ká fídíò ẹ̀. Oṣù Fẹ́búárì 1848 ni ìyá náà, Afala, tó ṣèrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánnà, ọdún kan àtààbọ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, tó ń wo bó ṣe ń gbé ìgbé ayé ẹ̀ nínú ilé.

Ẹ kọ déètì sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù méjì, ohun tó bá wù yín, kẹ́ ẹ sọ déètì náà fún ẹnì kan tí kò ní ṣàánú yín. Tọ́jọ́ náà bá pé, ẹ dáhùn. Ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ gígùn, olè tó wà lórí igi kò rí ju "rántí mi nígbà tí o bá dé ìjọba rẹ" sọ, ó sì tó. Ẹ má retí kí ara yín gbọ̀n. Tèmi ò gbọ̀n, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, jẹ̀nẹ́rétọ̀ aládùúgbò ń ké, mo sọ ọ́, mo sùn.

Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ rárá, ẹ pè é ní rárá. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún, kẹ́ ẹ sì fi ipò yín sílẹ̀ nínú kúáyà tí ẹ bá ní in. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn ju ẹni tó ń fi ọdún ogún sọ pé òun ń bọ̀ lọ. Mi ò bá yín yọ̀ sí i o, àmọ́ ó kéré tán, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ sì lè padà wá bi ara yín.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ bá ìjọ. Tó bá jẹ́ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún yín ní kékeré, wọn ò ní tún un ṣe, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá gba ìgbọ́wọ́lé. Onítẹ̀bọmi àti CAC á ní odò ni. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tó máa fẹ́ dì yín mú

Ọ̀kan ni pé ṣé àwa ló ń yàn gan-an ni, àbí Ọlọ́run ló ti yàn wá tán. Àwọn àgbà ìjọ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣèpàdé ní Dort, ní Holland, láti 1618 wọ 1619, Wesley tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ náà wá jà á lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọn ò tíì parí ẹ̀. Jésù ní "ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn mí" (Jòhánù 15:16), òun kan náà ló sì ní "ẹ wá sọ́dọ̀ mi". Mo fi méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí wọ́n pè tó dáhùn, òun náà ló dáhùn, bí kò tiẹ̀ jẹ́ òun ló pe ara ẹ̀.

Èyí tó ń dun èèyàn ni ti ìyá àgbà. Ìdílé wa, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, oníṣẹ̀ṣe wà níbẹ̀, ìyá bàbá mi kú kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé ìhìnrere lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dáa ju gbogbo wa lọ. Àwọn ìjọ ò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti àwọn Kátólíìkì ní 1964 sọ pé ẹni tí kò mọ ìhìnrere, tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, tó sì fi ọkàn òtítọ́ wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Àwọn mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi, ohun tí Ábúráhámù sọ ni mo dì mú, pé Onídàájọ́ gbogbo ayé, ṣé kò ní ṣe ohun tó tọ́ ni (Jẹ́nẹ́sísì 18:25). Mo sì wá rí i pé ọdún mẹ́rin ni mo fi ìyá àgbà ṣe àwáwí. Pétérù ṣe irú ẹ̀ rí, ó nawọ́ sí ẹnìkejì ẹ̀ pé "èyí ńkọ́?", Jésù ní kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀, ìwọ máa tẹ̀ lé mi.

Alẹ́ méje

Tí ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ìwé Jòhánù ni. Orí 21 ló ní, mẹ́ta lálẹ́ kan, ọjọ́ méje ti parí. Ẹ pa dátà fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á sókè, ẹ má fo ibi tí kò yé yín, ẹ fi bírò ṣàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ ìyè, ẹ máa rí i pé bírò yín á ṣiṣẹ́.

Kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ọkùnrin kan fún mi. Alẹ́ àkọ́kọ́ lẹ máa pàdé ẹ̀ ní orí kẹta, Nikodémù, alẹ́ lòun náà gbà wá kí wọ́n má bàa rí i. Jésù sọ̀rọ̀ fún un títí, ìwé náà ò sì sọ ohun tó fi dáhùn, ó kàn pòórá. Alẹ́ kẹta, orí keje, ó yọjú níbi ìpàdé àwọn àgbà, ó sọ gbólóhùn kan pẹ́rẹ́ láti gbèjà Jésù, wọ́n bi í pé ṣé ará Gálílì lòun náà ni, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní rí i títí di alẹ́ keje, orí 19. Wọ́n ti pa Jésù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti sá, kò sí èrè kankan tó kù fún ẹni tó bá lóun mọ̀ ọ́n. Nikodémù yọ, ilẹ̀ ò tíì ṣú, ó ru òjíá àti álóẹ̀ bọ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n, ẹrù tí kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ.